Bí Láàbù Ṣe Ń Ṣiṣẹ́ Nínú Ẹ̀kọ́ Kíkọ Ètò Kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì: Àyẹ̀wò Ìlànà Stanford àti Berkeley

Àṣamọ̀

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni àlàyé olùkọ́ lórí kíkọ ètò kọ̀ǹpútà máa ń yé nínú kíláàsì, ṣùgbọ́n tí wọn kì í lè kọ ìlà mẹ́rin tí yóò ṣiṣẹ́ nígbà tí wọ́n bá dá jókòó sídìí ẹ̀rọ. Ìdí èyí ni àwọn yunifásítì kan fi ya wákàtí láàbù sọ́tọ̀ nínú ẹ̀kọ́ náà. Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé bí irú láàbù bẹ́ẹ̀ ṣe ń lọ, ó sì lo Yunifásítì Stanford àti Yunifásítì California ní Berkeley, ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Iṣẹ́ náà fi hàn pé kì í ṣe iye ẹ̀rọ nìkan ni ó ń mú kí láàbù yọrí sí rere. Ọ̀nà tí a fi pín àkókò, irú ìrànlọ́wọ́ tí a ń ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́ àti ọ̀nà tí a fi ń yẹ iṣẹ́ wò ṣe kókó ju èyí lọ.

Ìfáárà

Àwọn Yorùbá gbà pé ẹnu dùn ún ròfọ́. Ọmọ iṣẹ́ tí ó jókòó ti ọ̀gá télọ̀ fún odidi ọdún kan, tí ó ń wo bí ọ̀gá ṣe ń gé aṣọ, kò tíì mọ aṣọ gé. Ọjọ́ tí ọ̀gá bá gbé sísọ́ọ̀sì lé e lọ́wọ́, tí ó gé ọrùn aṣọ tí ọrùn náà sì fẹ̀ jù, ni ẹ̀kọ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá tí ó mọṣẹ́ kì í gba sísọ́ọ̀sì padà lọ́gán. Ó máa ń bi ọmọ iṣẹ́ léèrè ibi tí ó ti wọn aṣọ náà àti bí ó ṣe wọ̀n ọ́n.

Kíkọ ètò kọ̀ǹpútà kò yàtọ̀ sí èyí. Ètò kọ̀ǹpútà ni ọ̀wọ́ àṣẹ tí a kọ lẹ́sẹẹsẹ ní èdè tí ẹ̀rọ lè tẹ̀ lé. Ẹ̀rọ kò mọ èrò ọkàn ẹni tí ó kọ àṣẹ náà. Ohun tí ó bá wà lákọsílẹ̀ ni yóò ṣe. Bí àṣẹ bá ku díẹ̀ káàtó, iṣẹ́ ẹ̀rọ náà yóò ku díẹ̀ káàtó. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ ọ gbọ́dọ̀ kọ àṣẹ fúnra rẹ̀, kí ó ṣe àṣìṣe, kí ó sì wá ìdí àṣìṣe náà rí. Ibi tí a ti ń ṣe èyí lábẹ́ ojú olùkọ́ ni à ń pè ní láàbù nínú iṣẹ́ yìí.

Ohun tí ó bí láàbù

Ní àwọn ọdún 1950 àti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, akẹ́kọ̀ọ́ kì í sábà fojú kan ẹ̀rọ náà. Yóò kọ àṣẹ rẹ̀ sórí ìwé, yóò lù ú sórí páálí onihò, yóò sì kó àwọn páálí náà fún òṣìṣẹ́ tí ń bójú tó ẹ̀rọ. Ó lè di wákàtí púpọ̀, ó sì lè di ọjọ́ kejì, kí èsì tó jáde. Bí àmì kékeré kan ṣoṣo bá sọnù, gbogbo ìdúró náà ti já sí asán nìyẹn.

Ní ọdún 1964, John Kemeny àti Thomas Kurtz ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Dartmouth gbé èdè BASIC jáde pẹ̀lú ètò tí ó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn lè lo kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan náà. Láti ìgbà náà ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń lè tẹ àṣẹ kan kí ó sì rí èsì rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Àyípadà yìí ni ó ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún láàbù, nítorí pé olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ lè jọ wo àṣìṣe kan papọ̀ kí ó tó tutù.

Síbẹ̀, ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́, láàbù kò ju iyàrá tí ẹ̀rọ wà, tí akẹ́kọ̀ọ́ lè wọ̀ nígbà tí ó bá wù ú láti ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀. Irú èyí ni a lè pè ní láàbù aláìnídè. Ní ọdún 1989, ìgbìmọ̀ kan tí Peter Denning darí fún ẹgbẹ́ ACM, tí í ṣe ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà, gbé àbọ̀ jáde lórí bí ó ṣe yẹ kí a máa kọ́ni ní ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Ara ohun tí ìgbìmọ̀ náà dábàá ni pé kí ẹ̀kọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ní láàbù tí ó ní wákàtí tirẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí iṣẹ́ rẹ̀ bá ẹ̀kọ́ inú gbọ̀ngàn mu, tí olùkọ́ sì wà níbẹ̀. Irú èyí ni láàbù onídè, òun sì ni iṣẹ́ yìí dá lé lórí.

Bí a ṣe ń pín iṣẹ́ láàárín gbọ̀ngàn àti láàbù

Ní Berkeley, ẹ̀kọ́ ìbẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní CS 61A jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó gbajúmọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, èdè Scheme ni wọ́n fi ń kọ́ ọ, wọ́n sì gbé e ka ìwé Harold Abelson àti Gerald Sussman tí ó jáde ní ọdún 1985. Láti ọdún 2011 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè Python kọ́ ọ. Iye akẹ́kọ̀ọ́ inú rẹ̀ ti ju 1,000 lọ ní ọ̀pọ̀ sáà. Kò sí bí olùkọ́ kan ṣe lè mọ ohun tí ó ń dààmú ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú irú èrò bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà ni wọ́n fi pín iṣẹ́ náà sí ọ̀nà mẹ́ta. Èkíní ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ inú gbọ̀ngàn, níbi tí ọ̀jọ̀gbọ́n ti ń la èrò tuntun sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Èkejì ni ìjíròrò, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀ ti ń fi bírò àti ìwé yanjú ìbéèrè pẹ̀lú olùrànlọ́wọ́ olùkọ́. Ẹ̀kẹta ni láàbù, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀ náà ti ń jókòó sídìí ẹ̀rọ. Ohun tí gbọ̀ngàn bá gbìn ni ìjíròrò máa ń bomi rin, láàbù ni a sì ti ń wò ó bóyá ó hù tàbí kò hù.

Ní Berkeley kan náà, Michael Clancy àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ gbé ìgbésẹ̀ tí ó ju èyí lọ ní àwọn ọdún 2000. Wọ́n dín àkókò gbọ̀ngàn kù jọjọ nínú àwọn ẹ̀kọ́ kan, wọ́n sì sọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú wákàtí ọ̀sẹ̀ di ti láàbù. Èrò wọn ni pé àkókò tí olùkọ́ fi ń rí ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu iṣẹ́ níye lórí ju àkókò tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń wo ẹnu olùkọ́ lọ.

Bí wákàtí láàbù kan ṣe ń lọ

Láàbù tí a ṣètò dáadáa máa ń ní ìpele mẹ́rin. Ní ìpele kìíní, olùrànlọ́wọ́ yóò rán akẹ́kọ̀ọ́ létí kókó ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ náà. Èyí kì í gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Bí ó bá gùn jù, láàbù ti di gbọ̀ngàn kejì nìyẹn. Ní ìpele kejì, a óò fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ètò kúkúrú kan, a óò sì ní kí ó sọ ohun tí ètò náà yóò gbé jáde kí ó tó tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ. Ní ìpele kẹta, yóò tẹ̀ ẹ́, yóò fi èsì wé àsọtẹ́lẹ̀ rẹ̀, yóò sì tún un ṣe. Ní ìpele kẹrin, yóò kọ ètò tirẹ̀ tí ó fara pẹ́ èyí tí ó ti rí.

Ẹ jẹ́ kí á wo àpẹẹrẹ kan. A fẹ́ kí ẹ̀rọ ṣírò àpapọ̀ nọ́ńbà láti 1 dé 10. Akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ ètò yìí ní èdè Python:

apapo = 0
for nomba in range(1, 10):
    apapo = apapo + nomba
print(apapo)

Ìlà kìíní pèsè àpótí kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ apapo, ó sì fi òdo sínú rẹ̀. Ìlà kejì pàṣẹ pé kí ẹ̀rọ máa mú nọ́ńbà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìlà kẹta fi nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan kún ohun tí ó wà nínú àpótí. Ìlà ìkẹyìn gbé èsì jáde. Bí a bá bi akẹ́kọ̀ọ́ léèrè ohun tí yóò jáde, yóò ní 55, nítorí pé 55 ni àpapọ̀ nọ́ńbà láti 1 dé 10. Ṣùgbọ́n 45 ni ẹ̀rọ yóò gbé jáde.

Ẹ̀rọ kò bínú, kò sì kọ ọ̀rọ̀ àṣìṣe kankan sójú rẹ̀. Àṣìṣe tí ó dákẹ́ báyìí ló léwu jù. Ó kéré tán, irú àṣìṣe mẹ́ta ni akẹ́kọ̀ọ́ ń bá pàdé ní láàbù. Àṣìṣe gírámà ni èkíní, bí ìgbà tí a gbàgbé àmì kólọ́ọ̀nù ní òpin ìlà kejì; ẹ̀rọ kò tilẹ̀ ní bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àṣìṣe ojú iṣẹ́ ni èkejì, bí ìgbà tí a ní kí ẹ̀rọ fi òdo pín nọ́ńbà. Yóò bẹ̀rẹ̀, yóò sì dúró lójú ọ̀nà. Àṣìṣe èrò ni ẹ̀kẹta, èyí tí àpẹẹrẹ òkè yìí jẹ́. Ẹ̀rọ parí iṣẹ́ láyọ̀, èsì sì jẹ́ irọ́.

Olùrànlọ́wọ́ tí ó mọṣẹ́ kò ní sọ pé, “Kọ 11 dípò 10.” Yóò ní kí akẹ́kọ̀ọ́ mú bébà, kí ó fa ìlà méjì sórí rẹ̀, kí ó kọ nọ́ńbà sí apá kan àti ohun tí ó wà nínú àpótí sí apá kejì. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kọ: 1, 3, 6, 10, 15, 21, 28, 36, 45. Nígbà tí ó bá dé orí 9, tí ó sì rí i pé 45 náà ni ẹ̀rọ gbé jáde, òun fúnra rẹ̀ ni yóò ké pé ẹ̀rọ kò dé orí 10 rárá. Nínú èdè Python, nọ́ńbà kejì inú àkámọ́ náà jẹ́ ẹnu ààlà tí a kì í fẹsẹ̀ tẹ̀. Ẹni tí a sọ èyí fún lè gbàgbé rẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ṣùgbọ́n kò rọrùn fún ẹni tí ó fọwọ́ ara rẹ̀ wá a kàn láti gbàgbé.

Berkeley fi ìlànà àsọtẹ́lẹ̀ yìí sínú irinṣẹ́ wọn tí ń jẹ́ OK. Nínú àwọn iṣẹ́ kan, ìdánwò tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi yẹ ètò rẹ̀ wò máa ń wà ní títì pa. Àyàfi bí ó bá kọ́kọ́ kọ èsì tí ó yẹ kí ètò tí ó tọ̀nà gbé jáde ni yóò tó ṣí i. Èyí ń dá akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́kun àtimáa tẹ nǹkan ní ìtẹ̀kutẹ̀ títí tí ọ̀kan yóò fi bọ́ sí i.

Olùrànlọ́wọ́ àti ọwọ́ rẹ̀

Ta ni ó ń ṣe iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́? Ní Stanford, láti ọdún 1988, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì gba oyè àkọ́kọ́ ni wọ́n ń lò nínú ẹ̀kọ́ CS 106A àti àwọn tí ó tẹ̀ lé e. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti ṣe ẹ̀kọ́ náà ní àṣeyọrí yóò tọrọ iṣẹ́, wọn yóò fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, wọn yóò sì fún un ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí iṣẹ́ olùkọ́ kí ó tó di adarí ìsọ̀rí. Ìsọ̀rí kan kò ju ìwọ̀nba akẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ìpàdé ọ̀sẹ̀, àwọn adarí yìí máa ń wà nílé ìrànlọ́wọ́ ní alẹ́, níbi tí ẹni tí iṣẹ́ bá há mọ́ lọ́wọ́ ti lè forúkọ sílẹ̀ kí wọ́n wá bá a.

Ọgbọ́n tí ó wà nínú èyí ni pé ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ la odò kọjá ṣì rántí ibi tí ó jìn. Ọ̀jọ̀gbọ́n lè ti gbàgbé pé ohun kan wà tí ó máa ń ta kókó níbẹ̀. Ojú sì máa ń ti akẹ́kọ̀ọ́ láti bi ọ̀jọ̀gbọ́n ní ìbéèrè tí ó dà bí ìbéèrè ọmọdé, ṣùgbọ́n kì í tì í tó bẹ́ẹ̀ láti bi ẹni tí ó fi ọdún kan ṣáájú rẹ̀. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, àmọ́ ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í lè bèèrè.

Ìlànà tí ó ṣe pàtàkì jù fún olùrànlọ́wọ́ ni pé kí ó má ṣe gba kíbọ́ọ̀dù lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Àánú ni ó sábà máa ń fa ìgbàkugbà yìí: àkókò ti lọ, akẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀ ń nawọ́, olùkọ́ sì rí àṣìṣe náà láti òkèèrè. Yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, yóò tẹ àmì mẹ́ta, ètò yóò sì ṣiṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ó kọ́ lọ́jọ́ náà ni pé bí ètò bá bàjẹ́, kí á pe ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Ìbéèrè mẹ́ta ló yẹ kí ó rọ́pò ọwọ́ olùkọ́: Kí ni o fẹ́ kí ó ṣe? Kí ni ó ṣe? Ibo ni méjèèjì ti bẹ̀rẹ̀ sí í yàtọ̀?

Ìṣiṣẹ́ ní méjì-méjì

Ohun mìíràn tí ó wọ́pọ̀ nínú láàbù òde òní ni kí akẹ́kọ̀ọ́ méjì jókòó sídìí ẹ̀rọ kan. Ẹnì kan yóò máa tẹ àṣẹ, ẹnì kejì yóò máa wo iwájú, yóò máa bèèrè, yóò sì máa ṣọ́ àṣìṣe. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, wọn yóò pààrọ̀ ipò. Laurie Williams àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lo ìlànà yìí nínú láàbù onídè ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ North Carolina ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000. Ní Yunifásítì California ní Santa Cruz, Charlie McDowell, Linda Werner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn rí i pé àwọn tí ó ṣiṣẹ́ ní méjì-méjì ni ó máa ń dúró parí ẹ̀kọ́ náà ju àwọn tí ó dá ṣiṣẹ́ lọ.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Ẹnì kan lè yára tẹ àṣẹ, kí ẹnì kejì sì ní sùúrù àtirí àṣìṣe. Àǹfààní mìíràn ni pé, nítorí wọ́n gbọ́dọ̀ máa bá ara wọn sọ̀rọ̀, olùkọ́ tí ó ń kọjá lè gbọ́ èrò wọn. Ìkìlọ̀ kan wà níbẹ̀: bí a kò bá pàṣẹ pé kí wọ́n pààrọ̀ ipò, ẹni tí ó mọ̀ ọ́n jù ni yóò máa tẹ àṣẹ títí, ẹnì kejì yóò sì di òǹwòran.

Ọ̀rọ̀ máàkì àti ẹ̀dà

Ìsapá àti píparí iṣẹ́ ló yẹ kí máàkì láàbù dá lé, kì í ṣe pípé. Láàbù ni ibi tí a ti gba akẹ́kọ̀ọ́ láàyè láti ṣìṣe. Ní Stanford, akẹ́kọ̀ọ́ máa ń jókòó pẹ̀lú adarí ìsọ̀rí rẹ̀ lẹ́yìn tí ó bá ti fi iṣẹ́ àṣetiléwá ránṣẹ́. Wọn yóò jọ ka ètò náà ní ìlà dé ìlà, akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì ṣàlàyé ìdí tí ó fi kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Àlàyé ẹnu yìí níye lórí jọjọ lónìí. Láti ìparí ọdún 2022 tí ChatGPT ti jáde, ẹ̀rọ lè kọ iṣẹ́ àṣetiléwá ìbẹ̀rẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ láàárín ìṣẹ́jú àáyá. Ètò tí ó ṣiṣẹ́ kò tún jẹ́ ẹ̀rí mọ́ pé ẹni tí ó fi í ránṣẹ́ mọ̀ ọ́n. Bí olùkọ́ bá yí nọ́ńbà kan padà nínú ètò náà, tí ó sì bèèrè ohun tí yóò jáde báyìí, ìdáhùn akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò fi òótọ́ hàn. Àǹfààní láti ṣe èyí wà nínú láàbù, kò sí nínú àpótí tí a ń ju iṣẹ́ sí.

Ohun tí olùkọ́ ilé wa lè mú níbẹ̀

Olùkọ́-lẹ́kọ̀ọ́ tí yóò lọ kọ́ni ní ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní ilé ẹ̀kọ́ girama lè sọ pé ọ̀rọ̀ Stanford kò kan òun: ẹ̀rọ mẹ́wàá ni ó wà fún ọgọ́ta ọmọ, iná mànàmáná sì lè lọ nígbàkúùgbà. Òtítọ́ ni ìṣòro yìí. Ṣùgbọ́n bí a bá tún wo ohun tí ó ń gbé láàbù ró, a óò rí i pé púpọ̀ nínú rẹ̀ kò gba iná. Àsọtẹ́lẹ̀ èsì kò gba iná. Fífi bébà tọpa ètò kò gba iná. Ní ọdún 2006, Dale Parsons àti Patricia Haden ní orílẹ̀-èdè New Zealand gbé irú ìdánrawò kan jáde, nínú èyí tí a ti ń tú àwọn ìlà ètò ká tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì tò wọ́n padà. Olùkọ́ lè gé ìlà mẹ́rin àpẹẹrẹ òkè yẹn sórí páálí kí ó sì pín in fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Ọgọ́ta ọmọ lè di ìsọ̀rí mẹ́ta tí ó ní ogún ọmọ nínú. Nígbà tí ìsọ̀rí kan bá wà nídìí ẹ̀rọ mẹ́wàá ní méjì-méjì, ìkejì yóò máa fi bébà tọpa ètò, ìkẹta yóò máa to páálí. Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, wọn yóò pààrọ̀. Nínú wákàtí kan, gbogbo wọn ti fọwọ́ kan ẹ̀rọ, wọ́n sì ti ronú kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ọmọ tí ó ti ṣe ẹ̀kọ́ náà ní ọdún tí ó kọjá lè ṣe olùrànlọ́wọ́, bí a bá kọ́kọ́ kọ́ wọn ní ìbéèrè mẹ́ta òkè yìí.

Pé ìlànà yìí lè kúrò ní iyàrá tí ó ti ṣẹ̀ hàn gbangba ní ọdún 2020. Nígbà tí àrùn kòrónà ti ilé ẹ̀kọ́ pa, Stanford gbé apá kan nínú CS 106A jáde lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì pè é ní Code in Place. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ju 10,000 lọ ni ó kópa. Ohun tí wọn kò yọ kúrò ni ìsọ̀rí kékeré: nǹkan bí 900 olùyọ̀ǹda-ara-ẹni ni ó darí wọn káàkiri àgbáyé.

Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí ti ṣàlàyé pé láàbù kì í ṣe iyàrá tí ẹ̀rọ kún inú rẹ̀, bí kò ṣe àkókò tí a ṣètò kí akẹ́kọ̀ọ́ lè sọ àsọtẹ́lẹ̀, kí ó ṣe àṣìṣe, kí ó sì tún un ṣe níbi tí ẹnì kan ti lè bi í ní ìbéèrè. Ó ti fi hàn pé ìsọ̀rí gbọ́dọ̀ kéré, pé olùrànlọ́wọ́ gbọ́dọ̀ kó ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí kíbọ́ọ̀dù, àti pé àlàyé ẹnu akẹ́kọ̀ọ́ ni ẹ̀rí ìmọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ tí ó bá ra ọgọ́rùn-ún ẹ̀rọ láìní ètò yìí ní iyàrá ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n kò tíì ní láàbù. Olùkọ́ tí ó ní ẹ̀rọ mẹ́wàá, páálí àti sùúrù sì lè bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.